Kí a tó sọ pé wọ́n fún ajá wa ní májèlé jẹ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú abọ́ rẹ̀

Nílùú Tchaada níbí, ajá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ilé méjì tí wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń mu pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìyá tó ni ajá náà máa ń din àkàrà tà láàárọ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó din púpọ̀, òróró sì ṣẹ́kù nínú agbada. Ó da èyí tó ti dúdú nínú rẹ̀ sórí ọkà àná, ó kó èérún àkàrà tó jóná mọ́ ọn, ó sì gbé e fún ajá. Ajá jẹ ẹ́ tán, ó lá abọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kò jẹun mọ́. Ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sílẹ̀, ó gbé ìdí sókè bí ẹni tó fẹ́ foríbalẹ̀, ó sì ń kérora.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ará ilé ni pé wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. Ọ̀rọ̀ kejì ni orúkọ aládùúgbò tí ajá náà ti pa adìẹ rẹ̀ jẹ rí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, igbe ti ń lọ láti ilé kan sí èkejì. Ọpẹ́lọpẹ́ àgbà kan tó ní kí wọ́n pe dókítà ẹran kí wọ́n tó pe baálẹ̀. Ìbéèrè tí dókítà náà kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Kí ló jẹ lánàá?" Ìyá aláàkàrà dáhùn, gbogbo ilé sì pa rọ́rọ́.

Ajá náà yè. Àwọn ilé méjèèjì ti ń kí ara wọn padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ síra wọn lọ́jọ́ yẹn kò ṣeé kó padà sínú ẹnu. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ̀wé yìí. Èrò wa ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní májèlé, tàbí tí à ń pè ní iṣẹ́ ayé, lára àwọn ajá wa, inú abọ́ tí a fi ń bọ́ wọn ló ti ń wá, tàbí inú ẹ̀yà ara kékeré kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ó wà. Bí a bá mọ̀ ọ́n, a óò gba ajá là, a ó sì gba àdúgbò là pẹ̀lú.

Ẹ̀yà ara kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ ńlá

Ẹ̀yà ara náà wà nínú ikùn ènìyàn àti ti ẹranko. Ó fara ti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpòlúkù. Ó gùn, ó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rí kókó-kókó lára. Páńkíríásì ni àwọn dókítà ń pè é, orúkọ yẹn náà ni a ó sì máa lò níbí.

Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Àkọ́kọ́, ó ń pèsè omi kan tó ń ṣàn sínú ìfun láti lọ fọ́ oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, yálà ọ̀rá ni, ẹran ni, tàbí oúnjẹ bí ọkà àti ìrẹsì. Bí omi yìí kò bá sí, oúnjẹ kàn ń kọjá lára ni, kò ní di ẹ̀jẹ̀, kò ní di agbára. Èkejì, ó ń pèsè ínsúlínì, ìyẹn ohun tó ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí èkejì yìí bá dàrú fún ni à ń pè ní alátọ̀gbẹ.

Lára ajá, àìsàn méjì ló wọ́pọ̀ tó ń bá iṣẹ́ àkọ́kọ́ jà. Àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra, oúnjẹ wọn náà sì yàtọ̀. Ẹni tó bá da wọn pọ̀ lè fi oúnjẹ ọ̀kan pa èkejì lára.

Èyí tí a ń pè ní májèlé

Nínú àìsàn àkọ́kọ́, páńkíríásì ń wú. Omi tó yẹ kó dé inú ìfun kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú páńkíríásì fúnra rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń gbé ẹ̀yinná lọ sílé ìdáná, tí iná náà wá ràn mọ́ ọn láṣọ lọ́nà. Ẹ̀yà ara náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀.

Ajá tó bá ní in máa ń bì léraléra, kì í fẹ́ jẹun, inú a máa dùn ún, òmíràn a sì gbé ìdí sókè bí ti ajá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ó lè dé lójijì, bó bá sì le, ó lè pa ajá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni dókítà kì í rí ìdí rẹ̀ pàtó. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọlọ́ràá tí ajá ṣàdédé jẹ púpọ̀ wà lára ohun tí wọ́n mọ̀ pé ó lè dá a sílẹ̀, ajá tó sì sanra jù ló wà nínú ewu rẹ̀ jù.

Ẹ wá wo àgbègbè wa. Ìfọ̀nyìn títí dé Ṣakété àti Pọ̀bẹ̀, ilẹ̀ ọ̀pẹ ni. Epo pupa kì í wọ́n nílé wa, òróró àkàrà kì í wọ́n lójú ọ̀nà wa. Lọ́jọ́ ìnáwó, ọ̀rá ẹran, awọ adìẹ àti ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ la máa ń dà fún ajá, a ó sì ní inú rẹ̀ ń dùn. Òótọ́ ni, inú rẹ̀ ń dùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìrora ń dé.

Èyí tí a ń pè ní iṣẹ́ ayé

Nínú àìsàn kejì, páńkíríásì kò wú, ṣe ló rọ, tí kò lè pèsè omi tó tó mọ́. Àwọn onímọ̀ sọ pé nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ ti máa ń lọ kí àmì tó hàn síta. Ajá á máa jẹun bí ẹni tí kò jẹun rí, síbẹ̀ á máa rù. Ìgbẹ́ rẹ̀ á pọ̀, á funfun, á máa dán bí ohun tí wọ́n fi epo pa, á sì máa rùn gan-an. Òmíràn á tún máa jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀, nítorí pé oúnjẹ ṣì wà nínú rẹ̀ tí kò dà.

Àwọn kan á ní aràn ni, wọn á máa fún un ní oògùn aràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan á ní ayé ló ń jẹ ẹ́ nínú. Àwọn mìíràn á ní ọ̀jẹun ni, wọn á sì lé e jáde. Ajá tí ebi ń pa tọ̀sán-tòru la wá ń lù nítorí pé ó jalè nínú ìkòkò.

Àwọn oníṣòwò wa ní Ìgòlò ní láti tẹ́tí sí ibí yìí dáadáa. Irú ajá Jámánì, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní Alsatian, ló máa ń ní àìsàn kejì yìí jù lọ. Ó máa ń bá wọn láti ìran wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń hàn nígbà tí ajá ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Irú ajá yìí gan-an ni àwọn tó ní ilé ìkẹ́rùsí ń náwó lé lórí láti ṣọ́ ọjà. Wọ́n á rà á lówó gọbọi, kò ní pẹ́ tí á fi di egungun, wọ́n á sì ní ọ̀tá ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Ajá ìbílẹ̀ wa náà lè ní in, pàápàá bí páńkíríásì rẹ̀ bá ti wú léraléra títí tó fi bàjẹ́.

A kò sọ pé kò sí májèlé o. Ó wà, àwọn ìkà ènìyàn sì wà. Ọ̀pọ̀ àìsàn mìíràn náà ló ń mú ajá bì tàbí kó rù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé dókítà ẹran ló yẹ kó sọ èyí tó jẹ́. Ẹ sì jọ̀wọ́, bí ìwà ajá bá yí padà lójijì, tó ń já ènìyàn jẹ láìnídìí, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má fi ọwọ́ kàn án, ẹ má sì fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, torí ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Ẹni tí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára rẹ̀, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Kí ló yẹ kó wà nínú abọ́?

Fún ajá tí páńkíríásì rẹ̀ wú, dókítà ni àkọ́kọ́. Ajá tó ń bì léraléra nílò oògùn ìrora, oògùn tó ń dá èébì dúró, àti omi tí wọ́n ń fà sí i lára. Kò sí ọbẹ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ní kí wọ́n fi ebi pa á fún ọjọ́ mélòó kan. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ dókítà fara mọ́ ọn pé ní kété tí èébì bá ti dáwọ́ dúró, kó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ díẹ̀díẹ̀.

Oúnjẹ tí kò lọ́ràá ni oúnjẹ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lọ́nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́ dípò ẹ̀kún abọ́ kan lálẹ́. Ìrẹsì tó rọ̀ dáadáa dára. Ẹran àyà adìẹ tí a bọ̀, tí a ti bó awọ rẹ̀ kúrò, dára. Ẹja epìyà tí a bọ̀, tí a ti yọ gbogbo egungun rẹ̀, dára. Funfun ẹyin tí a sè náà dára. Ẹja títù lọ́ràá púpọ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Epo pupa, òróró, ẹ̀pà, ọ̀rá ẹran, awọ adìẹ àti ohun tí a din, kí gbogbo wọn jìnnà sí abọ́ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọbẹ̀ náà kò dára fún un, kódà bí kò bá lépo, nítorí alùbọ́sà inú rẹ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ajá tó bá ti ṣe àìsàn yìí rí lè tún ṣe é, nítorí náà kí ìṣọ́ra yìí má dópin lọ́jọ́ tó bá dìde.

Ti àìsàn kejì yàtọ̀. Ajá yìí kò nílò kí a yọ gbogbo ọ̀rá kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, ó ti rù tó. Ohun tó ṣaláìní ni omi tó ń fọ́ oúnjẹ. Àwọn òyìnbó máa ń fún un ní ìyẹ̀fun tí wọ́n fi páńkíríásì ẹlẹ́dẹ̀ ṣe, wọn á pò ó mọ́ gbogbo oúnjẹ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìyẹ̀fun yìí wọ́n, kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn máa rí rà lọ́jà wa. Ọ̀pọ̀ irú ajá bẹ́ẹ̀ tún máa ń nílò abẹ́rẹ́ fítámì B12, torí ìfun wọn kì í lè gbà á dáadáa. Kí a má sì fi èérí àgbàdo kún oúnjẹ wọn, torí ìyàngbò púpọ̀ kì í jẹ́ kí oògùn náà ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Oògùn kan wà ní odò ẹran

Ibí yìí ni inú wa ti dùn jù láti sọ ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìyẹ̀fun olówó gọbọi yẹn wà lọ́dọ̀ àwọn alápatà wa. Páńkíríásì màlúù tútù lè rọ́pò rẹ̀. Dókítà ni yóò sọ ìwọ̀n tó yẹ, ṣùgbọ́n nǹkan bíi gíráàmù 30 sí 90 ni ìwé àwọn onímọ̀ sábà máa ń sọ fún oúnjẹ kan, bí ajá bá ṣe tóbi tó. A ó gé e wẹ́wẹ́, a ó pò ó mọ́ oúnjẹ, ó parí.

Ó ní òfin tirẹ̀. A kì í sè é, torí iná ń pa agbára rẹ̀. Kí oúnjẹ tí a fẹ́ pò ó mọ́ ti tutù. Kó jẹ́ ti màlúù tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ẹran wò ti fọwọ́ sí. Ẹ má lo ti ẹlẹ́dẹ̀ ní tútù, torí àìsàn kan wà tó lè ti ara ẹlẹ́dẹ̀ ran ajá tó sì ń pa á. Ẹ má torí èyí máa ju ẹ̀dọ̀ àti fùkù tútù tó ní àpò omi lára fún ajá, torí aràn tó wà níbẹ̀ lè gba ara ajá dé ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn. Kí ẹni tó bá gé e fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ. Ẹni tó bá ní fìríìsà lè dì í ní wọ́n-wọ́n, yóò wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹ sì rántí pé ajá tó ń rù ni èyí wà fún, kì í ṣe ajá tí páńkíríásì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wú.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ẹ̀yà ara tí à ń dà nù yìí kò já mọ́ nǹkan, kó gbọ́ ìtàn yìí. Lọ́dún 1889, ní ìlú Strasbourg, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ páńkíríásì ajá kan. Kò pẹ́ tí ajá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ṣáá, ṣúgà sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ayé ti mọ̀ pé páńkíríásì ló ń lé àtọ̀gbẹ sẹ́yìn. Lọ́dún 1921, ní ìlú Toronto ní Kánádà, Frederick Banting àti Charles Best rí ínsúlínì yọ láti ara páńkíríásì ajá. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n gún ọmọ ọdún 14 kan tó ń kú lọ ní irú abẹ́rẹ́ náà, èyí tí wọ́n ti wá ń fà yọ láti ara páńkíríásì màlúù. Ọmọ náà sì yè. Láti ìgbà náà, fún ọgọ́ta ọdún, ara páńkíríásì màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ láti odò ẹran ni wọ́n ti ń rí ínsúlínì tó ń mú alátọ̀gbẹ wà láàyè.

Nítorí náà, bí ìyá tàbí bàbá yín bá ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì lónìí, ara ajá ni wọ́n ti kọ́ ọ. Gbèsè wà lọ́rùn wa.

"Ènìyàn ò tíì jẹun, ẹ ń sọ ti ajá"

A mọ̀ pé ẹnìkan á sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì bínú sí i. Ilé mìíràn wà tí ìrẹsì kò tó ọmọ, ká má tíì sọ àyà adìẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń sọ kò gba owó. Kí ènìyàn má da òróró dúdú sórí ọkà kò ná an ní nǹkan kan. Kí a pín ẹ̀kún abọ́ kan sí ọ̀nà mẹ́ta kò ná wa ní nǹkan kan. Páńkíríásì tí alápatà fẹ́ dà nù kò lè wọ́n bí ẹran. Ohun tó wọ́n ni olè tó wọ ṣọ́ọ̀bù lóru tí ajá kò gbó, ohun tó sì wọ́n jù ú lọ ni aládùúgbò tí a fi ẹ̀sùn èké sọ di ọ̀tá.

Àwọn kan á tún ní bàbá wa kò fi àyà adìẹ bọ́ ajá, ajá wọn sì gbó. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ajá bàbá wa ń bá ọdẹ rìn nínú igbó láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì sí òróró àkàrà tó ń ṣẹ́kù lójoojúmọ́ nígbà náà. Ajá tiwa ń dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ṣéènì lọ́rùn.

Ohun tí a ń béèrè

Ọwọ́ wa ni díẹ̀ nínú àtúnṣe wà. Ẹ̀yin alápatà wa ní Tchaada, ní Ìfọ̀nyìn àti ní Ìgòlò, ẹ bá wa ya páńkíríásì sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá béèrè, ẹ sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba fi hàn yín bó ṣe rí, torí ó rọrùn láti ṣì í mú fún ọ̀rá lásán. Ẹ̀yin oníṣòwò tó ń ra ajá Jámánì, ẹ béèrè nípa ìyá àti bàbá rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ má sì ra ọmọ ajá tó ń jẹun tó ń rù nítorí pé wọ́n dín owó rẹ̀ kù.

Ẹ̀yin aláṣẹ ní ilé méríì Ìfọ̀nyìn, bí àwọn dókítà ẹran bá jáde wá gún ajá lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ ajá lédè wa fún àwọn tó bá pé jọ. Àwọn dókítà náà kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti rìn jìnnà kí wọ́n tó kọ́ iṣẹ́ náà, àwọn kan títí dé Dákà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìgbà tí ajá bá ń kú lọ nìkan la ó máa rántí wọn. Ẹni tí tirẹ̀ bá le jù, tó sì lágbára rẹ̀, ẹ rántí pé ní ìkọjá Ìdíròkó, àwọn ilé ìwòsàn ẹran wà lábẹ́ yunifásítì ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn.

Àwọn àgbà sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ajá ló ń fọn fèrè. Ó ń bì, ó ń rù, ó ń gbé ìdí sókè, àwa tó ni ín ni kò gbọ́. Nígbà mìíràn tí ajá yín bá dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde, kí ẹ tó pe orúkọ aládùúgbò kankan, ẹ lọ gbé abọ́ rẹ̀ wò. Bí epo bá ṣì ń dán nídìí rẹ̀, ẹ pe dókítà.